Kẹ̀kẹ́ Tó Dá Rìn Létí Òkè

                                                  Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ Tapólì,
                                                  Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Àtijọ́,
                                                  Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ìyá kejì ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o, o kú àìsùn, o kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Eyín tó ń yọ ọ́ lẹ́nu yẹn, ṣé o ti jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, àbí ìwọ nọ́ọ̀sì náà lo ṣì ń sá fún abẹ́rẹ́? Ara tiwa le, kò sẹ́ni tí orí ń fọ́ nínú ilé. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, eyín yìí náà ni mo ń bi ọ́ ṣáá. Kì í ṣe eyín ló gbé mi dé ìdí fóònù. Ọ̀rọ̀ kan ló há mi lọ́fun, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́, torí ohun tí o fi inú rere ṣe ni. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

O mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń gbèrò ìrìn kẹ̀kẹ́ kan: òun àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ rẹ, láti orí afárá odò, gba òkè mẹ́ta tó wà létí òkun kọjá, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté kí oòrùn tó wọ̀. Tábìlì ìjẹun wa ti di ọ́fíìsì. Máàpù ló tẹ́ sí i, ó fi ìgò iyọ̀ tẹ igun kan, ó fi ife mi tẹ ìkejì. Bí mo bá fẹ́ jẹun, orí itan ni mò ń gbé àwo sí. Ọmọ rẹ ní tiẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju òkè kẹta lọ. Ó ní òun ni òun máa ṣáájú nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ ọ́, pé láti ìgbà tí Àńtí Nọ́ọ̀sì ti fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun ta òun lọ́rẹ, bàbá òun kò lè bá òun mọ́. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà dára lóòótọ́. Ó dúdú, ó ń dán, rímù rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì fúyẹ́ débi pé ìka kan ni mo fi gbé e.

Lọ́jọ́ Àìkú, a gbé mọ́tò lọ wo ọ̀nà náà, a sì de kẹ̀kẹ́ àwọn méjèèjì sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀rín la ń rín títí a fi dé orí òkè kẹta. Kò sí irin ìdábòbò kankan níhà òkun níbẹ̀, òkúta funfun kéékèèké nìkan ni wọ́n tò sétí títì. Ìyá arúgbó kan ń ta tíì lórí òkè náà. Gbogbo àga wọn ni wọ́n fi okùn so mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Tábìlì, okùn. Kẹ́tù, okùn. Kódà ajá wọn tó sùn fọnfọn, okùn wà lọ́rùn rẹ̀. Mo fi ṣàwàdà, mo bi wọ́n bóyá olè pọ̀ lágbègbè yẹn ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ òkun ni, pé ó ń gba àlàfo àárín òkè wọlé, kì í sì í kan ilẹ̀kùn. Ọkọ mi wá béèrè bóyá àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń gba ibẹ̀. Wọ́n ní dáadáa, pé àwọn tó ń gòkè máa ń dúró mu tíì, àwọn mọ ojú wọn. Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ kì í dúró, nítorí náà àwọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń délé.

Tíì wa ò tíì tutù tí afẹ́fẹ́ náà fi dé. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì fara ti ògiri. Ti ọkọ mi, ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́, kò mira. Ti ọmọ rẹ kúrò lára ògiri, ó dúró ṣánṣán, ó wá ń yí lọ lórí ọ̀dà, láìsí ènìyàn lórí rẹ̀, ó dá títì kọjá bí ẹni tí wọ́n pè níhà òkun. Orí òkúta funfun ló ṣubú sí, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ yọ sí òfuurufú, ó ń yí. Mo sáré dì í mú. Yéè, ọ̀rẹ́ mi! Afẹ́fẹ́ ń já a gbà lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí mo bá ń ta tapólì tuntun bo ọkọ̀ ẹrù. Rímù fífẹ̀ yẹn ló ń gbà á sára. Kẹ̀kẹ́ lásán sì nìyẹn o, ọmọ ẹnì kankan ò tíì jókòó sí i.

Ọkọ mi ní mi ò gbé e ti ògiri dáadáa ni. Ọmọ rẹ rẹ́rìn-ín títí tíì fi gba imú rẹ̀ jáde. Mo ní kó dá ẹsẹ̀ àtijọ́ padà sí i, ó ní, “Mọ́mì, ẹ tún ti dé.” Mi ò lè bá a wí púpọ̀. Kò sí ìrìn tí wọ́n rìn rí tí mi ò sọ pé nǹkan máa ṣẹlẹ̀, nǹkan kan ò sì ṣẹlẹ̀ rí, ẹnu mi ti wá di rédíò tí kò sẹ́ni tó ń fetí sí i. Ó tún wá ń fi orúkọ rẹ̀ dá mi lóhùn, pé òun ni ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ṣubú lu àwo tí àwo ò fọ́. Àwo kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Fífúyẹ́ rẹ̀ yẹn gan-an ló ń já mi láyà. Láti ọjọ́ náà, bí tapólì kan bá ti pa pà nínú ṣọ́ọ̀bù, abẹ́rẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ rèé. Pè é, kí o ní kó dá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà padà fún ọ. Purọ́. Sọ pé o gbọ́ pé àléébù wà lára rẹ̀. Ó ti di ọmọ ogún ọdún, mi ò lè nà án mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìwọ bá sọ, àṣẹ ni lójú rẹ̀. Má sì dárúkọ mi o! Bó bá mọ̀ pé èmi ni mo wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, kò ní bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko, mi ò sì lè fara dà á. Má bínú pé ẹ̀bùn rẹ ni mò ń sọ báyìí. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa lọ, àyè ṣì wà.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Sọ fún àbíkẹ́yìn rẹ pé mo ti rán àpò ilé-ìwé rẹ̀ tán. Tapólì ni mo fi rán an, kò ní ya títí yóò fi gbéyàwó.

Èmi ni tìrẹ tí àyà ń já,
Ìyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Mo fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa ni bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé. Ó ní rédíò sọ pé òjò máa wà lọ́jọ́ tí wọ́n dá, nítorí náà àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ń lọ. Mo pè ọ́ títí, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo mọ̀ pé ẹ kì í mú fóònù wọ wọ́ọ̀dù. Awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni mo fi rán, mo ní kó má fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Má fèsì. Ọmọ náà ni kí o pè. Má wulẹ̀ purọ́ mọ́. Bó bá bi ọ́ pé ta ló sọ fún ọ, sọ pé èmi ni. Kó máa bínú sí mi títí ayé, kó ṣáà wà láyé bínú.