Sàráà Bàbá Ṣọ́jà

Springdale, Maryland,
Ọjọ́ Àìkú, oṣù kẹjọ.

Olówó orí mi, Bàbá Fàtáì,

Àsàlámù àlékùn o. Mo kí yín, mo kí orúnkún tó ń dùn yín, mo kí gbogbo ará ilé ní Ìsẹ́yìn. Ṣé ẹ ń lo oògùn yín, àbí ẹ tún ti ń tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí bíi ti ọjọ́sí? Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí ìwé yìí bá yín lórí ìdúró. Ara tèmi le, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé ọmọ yín ti sú mi pátápátá.

Fàtáì ní kí n pè yín lórí fóònù. Mo ní rárá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí n tún ọ̀rọ̀ kan sọ nígbà mẹ́ta, tí n ó máa pariwo títí àwọn aládùúgbò á fi rò pé à ń jà! Falilat, ọ̀rẹ́ mi ní mọ́ṣáláṣí, ń wọ bàálù bọ̀ nílé lọ́la, òun ni yóò mú ìwé yìí wá bá yín.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó da ilé rú. Bọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà jù sí ìlú Hiroshima ní Japan, tí wọn ò tí ì bí yín nígbà tó já, òun ni kò jẹ́ kí n jẹun lálàáfíà fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì, títí di Jímọ̀ọ̀ tó kọjá yìí. Fàtáì kò bá Hidayah ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, Hidayah kò kí bàbá rẹ̀. Orí tábìlì kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, síbẹ̀ bí ọ̀kan bá fẹ́ iyọ̀, èmi ni yóò ní kí n bá òun gbà á lọ́wọ́ èkejì. Kúlísúmù ìyàwó wa kàn ń sá lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní Largo ni. Ó ní ariwo àwọn aláìsàn sàn fún òun ju ìdákẹ́jẹ́ ilé yìí lọ.

Sàráà bàbá yín ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí Fàtáì ti dé ìlú yìí ni ó ti ń ṣe é, àkàrà fún gbogbo ará mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀ọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ, bí Bàbá Ṣọ́jà ṣe jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun àti àwọn ṣọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ja ogun Bọ́mà tán, wọ́n wà ní Íńdíà, wọ́n ń retí ọkọ̀ ojú omi tí yóò tún kó wọn lọ bá àwọn ará Japan jà, ni ìròyìn bá dé pé bọ́ǹbù ti pa odidi ìlú run, ogun sì parí. Ó ní bí òun bá fojú kan Ìsẹ́yìn, òun ó máa ṣe sàráà lọ́dọọdún. Ó délé, ó fẹ́ ìyá yín, ó bí yín. Láti ìgbà tí mo ti wọlé yín ni mo ti ń din àkàrà yẹn, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Kí ẹ̀wà kúnná, kí epo gbóná, ìyẹn ni mo mọ̀.

Hidayah ló wá béèrè. Ọmọ náà ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, yunifásítì kan tó jìnnà síbí ti gbà á, ìparí oṣù yìí ló ń lọ. Tísà wọn ti fi àwòrán ìlú náà hàn wọ́n nílé ìwé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ní kó wá bá mi ṣa ẹ̀wà sílẹ̀ de ọjọ́ sàráà, ó ní kí ni a ń ṣe sàráà yìí fún gan-an. Inú Fàtáì dùn pé ọmọ ń béèrè ìtàn ìdílé, ló bá sọ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ọmọ gbé abọ́ ẹ̀wà kalẹ̀. Ó ní òun kò ní bá wọn ṣọpẹ́ lórí òkú ènìyàn.

Háà! Fàtáì gbaná jẹ. Ó ní bí kì í bá ṣe bọ́ǹbù yẹn, wọn ì bá ti kó Bàbá Ṣọ́jà lọ, bóyá ibẹ̀ ni ì bá kú sí. A kò ní bí ẹ̀yin, a kò ní bí òun, ẹnu tí Hidayah fi ń sọ ìsọkúsọ kò sì ní sí láyé. Hidayah bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì ní èdè òyìnbó, mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá kí èmi náà lè gbọ́. Ó wá ọ̀rọ̀ títí, ojú rẹ̀ pọ́n, ó wá ní, "Dádì, àwọn ọmọ ọmọ tiwọn dà?"

Ìbínú ni Fàtáì fi dá a lóhùn. Ó ní bí kò bá ti lè gbé sàráà, kó wá ẹni tí yóò gbé e lọ sí yunifásítì, kó má sì retí àdúrà kankan lẹ́nu òun. Bàbá Fàtáì, ẹ̀rù bà mí. Ọmọbìnrin, àkọ́bí, tó ń lọ síbi tí a kò mọ ẹnikẹ́ni, kó wá lọ láìgba àdúrà bàbá rẹ̀? Mo bẹ Fàtáì, ó ní ẹ̀jẹ́ bàbá àgbà òun ni, òun kọ́ ni yóò yí i padà. Mo bẹ Hidayah, ó kọ etí dídi sí mi. Agídí kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì, kì í sì í ṣe ìdílé tèmi ni wọ́n ti mú un.

Mo ní kí Hidayah wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kó ròyìn ohun tí wọ́n kọ́ ọ, kí n lè mọ bí n ó ṣe bá a wí. Ó ní àárọ̀ ni bọ́ǹbù náà já, àwọn kan ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ iléèwé wà níta. Ó ní agbo ilé mìíràn wà tí bàbá, ìyá, ọmọ àti ọmọ ọmọ lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi í pé ta ló wá sin wọ́n. Ó ní ọ̀pọ̀ wọn kò ní ẹni tó ṣẹ́kù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, n kò sì lè bá a wí mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ ṣì ń bí mi.

Jímọ̀ọ̀ pé. Gáréèjì ni mo ti din àkàrà, nítorí nǹkan kan wà lájà ilé wọn tó máa ń han gooro bí epo bá ti rú èéfín díẹ̀. Kúlísúmù ti ibi iṣẹ́ dé, kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ, ó ń tòògbé bó ṣe ń bá mi kó o sínú kúlà. Mo sọ fún Hidayah pé bí kò bá tẹ̀ lé wa, ilé ni mo ń lọ, n kò dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì mi. Ó wé ìborùn, ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Nígbà tí a kírun tán, Ààfáà Kabir pe gbogbo ènìyàn jọ, ó sì bi Fàtáì, bó ṣe máa ń bi í lọ́dọọdún, pé lórí ta ni kí òun ṣe àdúà. Lọ́dọọdún ni èsì máa ń wà lẹ́nu Fàtáì, pé kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi òpin sí ogun, tó mú Bàbá Ṣọ́jà bọ̀ wálé. Lọ́tẹ̀ yìí ó ya ẹnu, ó wo ọmọ rẹ̀ níbi tó dúró sí, ó sì pa ẹnu dé. Gbogbo ará mọ́ṣáláṣí ń wò wá, àkàrà ń tutù. Inú bí mi dé ibi tí n kò mọ ìgbà tí mo la ẹnu.

Mo ní, "Ààfáà, ẹ ṣe é fún àwọn tó kú tí kò ku ẹnì kan tí yóò ṣe sàráà fún wọn."

Ààfáà bi mí pé kí lorúkọ wọn. Mo ní a kò mọ̀ ọ́n. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣe àdúà náà. Fàtáì ṣe àmín. Ó pẹ́ kó tó ṣe é, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Hidayah wá, ó mú àwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín àkàrà. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Máa rọra bù ú, kó má tán kó tó kan àwọn ọmọdé." Ó ní, "Yes, Dádì." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láàárín wọn láti ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn.

Bàbá Fàtáì, ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Mo ti yí ẹ̀jẹ́ bàbá yín padà níṣojú gbogbo ènìyàn, èmi tí wọ́n kàn fẹ́ wọlé. Bí ẹ bá ní mo ṣe àṣejù, èmi ni kí ẹ bínú sí. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́ sí Fàtáì, nítorí ó ti gbà pé òun ni yóò gbé ọmọ lọ, mo sì fẹ́ kó fi inú dídùn ṣe àdúrà fún un. Bí ẹ bá sì ní kí a dá sàráà náà padà sí bó ṣe wà, kò burú. Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa din àkàrà.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún mi, kó fún orúnkún yín lágbára, kó jẹ́ kí ọmọ wa ṣẹ́kù lẹ́yìn wa, kí tiwọn náà ṣẹ́kù lẹ́yìn wọn. Àmín.

Èmi ni ìyàwó yín,
Abibat, Ìyá Fàtáì.

Mo fẹ́ gbàgbé: Hidayah ní kí n bi yín bóyá Bàbá Ṣọ́jà máa ń jẹ nínú àkàrà náà. Mo rò ó títí, n kò rántí ọjọ́ kan tó fi ẹyọ kan sẹ́nu. Mo dá a lóhùn pé eyín rẹ̀ ni kò gbà á. Ṣùgbọ́n bàbá yín jẹ àgbàdo sísun títí di ọdún tó kú. Ẹ̀yin ni ọmọ rẹ̀. Ṣé ó sọ ohunkóhun fún yín rí?