Ẹṣin Adétóun ti fo ọ̀pá

Séraphin ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Odile ìyàwó wa àtàwọn ọmọ, mo kí gbogbo ará Ifangni tó wà ní Libreville. Ẹsẹ̀ bàbá yín ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, àgbàdo wa ní Banigbé sì yọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ẹṣin tuntun yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ìwọ àti bàbá yín ní kí a tà á, pé obìnrin kò gbọdọ̀ gùn ún. Gbọ́ ná. Adétóun àbúrò rẹ mú un lọ sí Porto-Novo, níbi tí sójà kan ti ń kọ́ ẹṣin láti fo ọ̀pá ìdábùú; èmi àti bàbá yín bá a lọ. Ìlú Nikki la ti rà á, láàárín àwọn tó ń gun ẹṣin lọ kí ọba. Adétóun gùn ún, ẹṣin náà sáré bọ̀ bí ìjì, àmọ́ bó ṣe rí àwa àgbà lẹ́yìn ọ̀pá, ó dúró gbagidi, ó tẹrí ba. Sójà náà rẹ́rìn-ín títí: "Kámárádì ẹṣin, a ti ṣe Révolution! A kì í kí ọba mọ́!"

Adétóun kò nà án. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níwájú rẹ̀. Ó rò pé ọba ni yín ni."

A sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Séraphin, ẹṣin náà fò! Adétóun jókòó lé e ṣinṣin. Bàbá yín dìde lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó ṣí fìlà.

Má dárúkọ títà mọ́. Gàárì tó dára ni kí o bá wa wá. Ọlọ́run á mú ọ wálé láyọ̀. Bí o bá dé, ẹ̀gbẹ́ ni kí o dúró sí o: bí o bá jókòó síwájú, yóò kí ọ, kò ní fò.

Ìyá rẹ,
Marie