Sípíkà Ọ́ńkù Theo

Màámi,

"Bàbá Wùnmí, ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di opó ni?" Àǹtí Harriet ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ Ọ́ńkù Theo, gbogbo Ìbarà ló gbọ́.

Ẹ má dààmú o, a wà dáadáa. Sípíkà àlòkù méjì tí ẹ̀gbọ́n yín rà, tí wọ́n ga bí ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì ń lo iná fúnra wọn, ló fà á. Ọ́ńkù so wọ́n mọ́ ampilifáyà onígílóòbù bíi ti rédíò àtijọ́, orin wá ń dún bíi pé akọrin wà ní pálọ̀. Àmọ́ ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà-pàrà. Nígbà tí iná lọ lónìí, Ọ́ńkù ní ewu ti tán, wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀. Iná tó kù nínú rẹ̀ gbé wọn ṣubú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé, "Ó kàn ta mí ni." Wọ́n ní lọ́la àwọn á tún tú u. Mi ò lè jẹun.

Wáyà tó ń gbé iná wọ inú sípíkà ṣeé yọ; láìsí i, iná mìíràn ò ní wọ ibẹ̀ tí yóò ta Ọ́ńkù. Agolo gàrí mi sì jìn dáadáa.

Ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi kí Dìran àbúrò mi. Bí Ọ́ńkù bá kọ̀wé pé àwọn ń wá nǹkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí.

Yéwándé yín