Ìgboro Ń Bọ̀ Wá Bá Wa Nílé

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo jí, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé o sùn? Ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́, mọ́tò tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́, torí òun gan-an ni mo gbọ́ pé ẹ jọ ń gbé. Olódùmarè tó ń mú ìgbín gun igi láìlẹ́sẹ̀ yóò máa mú ìwọ náà délé. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ náà ń kí ọ, torí ariwo rẹ̀ ló ń jí gbogbo àdúgbò láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé tí ò ń gbé ló ká mi lára. Nígbà tí o kọ́kọ́ dé ìgboro, o ní láti ojú fèrèsé lo ti ń rí ọ́fíìsì yín. Owó ilé lé ọ, o sún sẹ́yìn. Ó tún lé ọ, o tún sún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ náà ń sún, ìgboro sì ń tẹ̀ lé yín bí ajá tó gbóòórùn ẹran. Ó ti dé ọ̀dọ̀ wa báyìí. Ibi tí a ti ń ṣẹ́gi, ilé alájà ló wà níbẹ̀. Mo ti ń sọ fún bàbá rẹ pé ká kàn jókòó jẹ́ẹ́, bí o bá tún kó lẹ́ẹ̀kan sí i, inú yàrá wa lo máa bọ́ sí. Àṣé apá kejì ìgboro lo sún gbà, bí ẹni tí a ń fi pàṣán lé.

Télọ̀ tó ń ránṣọ ládùúgbò wa ṣí àwòrán ọ̀nà nínú fóònù rẹ̀ fún mi. Ọ̀nà tí ò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ pupa fòò. Mo ní ṣé ẹ̀jẹ̀ ni, ó ní rárá, mọ́tò ló tò síbẹ̀. Ọ̀nà tuntun tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí ọ́fíìsì yín ń dán bí aró, kò sí mọ́tò tó dí i. Mo kí obìnrin tó ń júwe ọ̀nà nínú fóònù náà, mo bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò dáhùn. Ìgbéraga ará ìgboro.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé rèé: ọkùnrin kan wá, ó fẹ́ rẹ́ǹtì yàrá rẹ nílé wa níbí. Ó ní ọ́fíìsì kan náà lẹ jọ wà, ìwọ lo máa ń hanrun nínú ìpàdé. Mo ní yàrá náà ní ẹni tó ni ín, ó ní, “Ẹ má bínú, mà, ẹni ọ̀hún dà?” Bàbá rẹ ní ká gbé e fún un, pé eku ló ń jogún yàrá òfìfo. Ìyàwó rẹ sì sọ fún mi pé ọmọ rẹ bèèrè pé àlejò tó máa ń wá sùn lálẹ́ yẹn, níbo ni ilé rẹ̀.

Mo ti ní kí ọkùnrin náà dúró títí oṣù yìí á fi parí. Wá owó díẹ̀ ká fi tún òrùlé yàrá náà ṣe. Má fi sínú fóònù o, mo gbọn ti ìjọ́sí títí, kò ró. Gbé e wá fúnra rẹ lọ́jọ́ Àìkú, kó o mú ìyàwó àti ọmọ dání, kẹ́ ẹ sùn mọ́jú, kó o ti ibí lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Bí o bá ti ibí pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kí ọkùnrin yẹn kó wọlé. Bí o bá dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì, òun ni kó máa wá ilé kiri.

Ọ̀nà ò ní jẹ ọjọ́ ayé rẹ tán. Ọmọ rẹ yóò mọ̀ ọ́ lójú ọ̀sán.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò tíì sún kúrò níbi tó o fi í sí.