Èéfín Abẹ́ Fèrèsé Wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí ìyá ọkọ mi kì í fi ètò yín orí rédíò ṣeré.

Mo tẹ̀lé ọkọ mi lọ sí Delhi, ní Íńdíà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un, ó sì yọrí sí rere. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀! Wọ́n kó ìdọ̀tí jọ bí òkè, èéfín ń rú níbẹ̀, oòrùn gan-an ò ràn dáadáa. Mo pe àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní, "Àwọn ará ibí mà dọ̀tí o!"

Nígbà tá à ń bọ̀, dókítà ní ọkọ mi ò gbọdọ̀ fa èéfín símú. Mo ní, "Ọ̀yọ́ là ń lọ, sà. Atẹ́gùn tiwa mọ́."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tá a délé, ikọ́ ọkọ mi ló jí mi. Màmá ọkọ mi ti gbálẹ̀ yí ilé ká, wọ́n kó ewé àti ọ̀rá píọ̀-wọ́tà jọ sábẹ́ fèrèsé wa, wọ́n ṣáná sí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe láràárọ̀ látìgbà tí mo ti wọlé wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mo fẹ́ kí ọmọ mi jí bá ilé tó mọ́ ni." Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, mà.

Ọkọ mi ò lè sọ ọ́. Èmi ńkọ́, ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́? Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Olóòtú, ẹ rọra kà á o. Ìdí iná yẹn gan-an ni Màmá ti máa ń gbọ́ yín.