Àgbọn Wa Ṣì Wà ní Ákrà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Mo ti dé Ákrà, mo ti padà sí Bódìjà, inú mi sì dùn débi pé mi ò tíì tú báàgì tí mo fi jókòó kọ̀wé sí yín.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ti ìka bọ omi lẹ́yìn oúnjẹ, tí ẹ ó fi ya ọ̀nà Ákrà sórí tábìlì? Òkun rèé, ọjà Mákólà rèé, ilé wa rèé, àgbọn tí ẹ gbìn sórí ìwọ́ mi nígbà tí ẹ bí mi rèé. Kó tó yé mi, omi á ti gbẹ. Láti ìgbà tí ìjọba ibẹ̀ ti ní kí àjèjì kó ẹrù wọn, ẹ ti gbà pé wọ́n ti gé àgbọn yẹn, pé kò sẹ́ni tó rántí wa mọ́. Ohun tí mo lọ wò nìyẹn.

Bàbá, ìlú náà dùn. Mo wọ mọ́tò ní Ṣálẹ́ńjì, a gba Kùtọ̀nù àti Lómè kọjá. Bí a ṣe wọ Ákrà báyìí ni atẹ́gùn oníyọ̀ fẹ́ lù mí lójú. Mo jẹ kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo wọn, àti ẹja díndín létí òkun, ata wọn ta mí títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn apẹja ń fa àwọ̀n, wọ́n ń kọrin, èmi náà bá wọn fà á. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó tún bẹ̀rù. Ta ló tún fẹ́ fi omi Ẹlẹ́yẹlé yangàn fún mi n'Íbàdàn? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé òkun máa ń pariwo tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀nà tí ẹ fomi yà ni mo tọ̀ láti Mákólà. Ilé wa ti di ṣọ́ọ̀bù onísìmẹ́ńtì. Àmọ́ nígbà tí mo yọjú sẹ́yìn, àgbọn náà ló dúró yẹn, ó ga ju òrùlé lọ. Ìyá onílé wa ṣì wà láyé. Wọ́n ti darúgbó, àmọ́ Yorùbá tí Màámi kọ́ wọn ṣì kù lẹ́nu wọn. Àwọn ni kò jẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù gé e. Orúkọ mi ni wọ́n ń pe igi náà, Bàbá, àwọn ọmọ àdúgbò ò tiẹ̀ mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni. Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún. Kí ló ṣe tí ikú ò jẹ́ kí ẹ dúró kí n wá ròyìn fún yín?

Wọ́n fún mi ní ọ̀kan nínú èso rẹ̀ tó ti hù. Ó wà nínú báàgì yìí. Ẹ sì gbọ́ èyí tó kù: mo ti lóyún. Ọkọ mi ti ń ro ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Orí ìwọ́ ọmọ-ọmọ yín la ó gbin àgbọn yìí sí, ní Bódìjà níbí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní ti lé e.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ti mọ̀nà wàyí.