Pátákó Mẹ́ta Lẹ́nu Géètì Kan

                                        Ilé Kẹtàdínlógún,
                                        Ojú pópó ilé ìfọṣọ,
                                        Yàrá ẹ̀yìn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo fẹ́ràn, tí inú sì ń bí mi sí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àìsùn ọmọ. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ yín wà? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń jẹ́ kí wọ́n wọ bàtà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé èyí tó ń bu èkejì jẹ ti jáwọ́, àbí èkejì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bu èèyàn jẹ padà? Òtútù tó dì yín láyà lóṣù tó kọjá, mo gbàdúrà pé ó ti lọ pátápátá. Màámi ní kí n kí yín dáadáa kí n tó sọ ohunkóhun. Mo ti kí yín dáadáa. Ó yá, ẹ jẹ́ ká jà.

Mi ò pè yín lórí fóònù, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná díẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì ọ̀dọ̀ yín máa ń bàjẹ́. Lẹ́tà kò ní nẹ́tíwọ̀kì.

Ẹ mọ̀ pé ìbàdí Màámi kò gba àtẹ̀gùn mọ́. Ohun tí ẹ kò mọ̀, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí a sọ ọ́ fún yín, ni pé ìdí ni wọ́n fi ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀ báyìí, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Dókítà ní bí wọ́n bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n lè má dìde rìn mọ́. Ẹ sì mọ̀ nípa ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù, tí kò ní àtẹ̀gùn kankan. Tíṣà àgbà tó ni ín, tó ti fẹ̀yìn tì, ń bá wa dì í mú di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Láti ra ìyẹn, a gbọ́dọ̀ ta èyí. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè yé ọmọ ọdún méje. Ẹbí wa ni kò yé.

Ẹ rántí pé mo lọ sí politẹ́kíníìkì. Ẹ wà nínú fọ́tò tí a yà lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ níbẹ̀ ni bí a ṣe ń díye lé ilé, bí a ṣe ń tọ́jú ilé, àti bí a ṣe ń ta ilé. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Kékeré rántí pé àbúrò olóògbé bàbá wa ni àwọn, tí wọ́n sì pe ìpàdé lórí bí a ó ṣe ta ilé, iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi ni pé kí n gbé àga wá. Mo gbé mẹ́fà.

Alágbàtà àkọ́kọ́ tó wá ni obìnrin tó bá aránṣọ tó wà lódìkejì wa ta ilé tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màámi ló pè é. Tọ́ọ̀ṣì àti okùn ìwọ̀n ló mú dání, kò mú ariwo dání. Ó gun òkè àjà, ó wo abẹ́ síǹkì, ó ní kí a sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri ní yàrá yín àtijọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi tó ń mumi, bí dókítà ṣe ń tẹ ikùn ọmọdé. Ó bi wá pé ọdún wo ni a ti pààrọ̀ òrùlé kẹ́yìn. Nígbà tó jókòó, ó ní kí a tún páìpù tó ń jò ṣe, kí a sọ ti ògiri náà fún ẹni tó bá fẹ́ rà á kó tó fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí a sì fi ilé náà sọ́wọ́ alágbàtà kan ṣoṣo fún oṣù méjì, ì báà jẹ́ òun, ì báà jẹ́ ẹlòmíràn. Ó wá dárúkọ iye kan. Ó ní iye tí wọ́n ta ilé mẹ́rin tó jọ tiwa ládùúgbò lọ́dún yìí ni òun fi díwọ̀n rẹ̀.

“Ẹ má gbé e sókè kí ẹ tó máa sọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀,” ó ní. “Ilé tó bá pẹ́ lórí àtẹ, wọ́n á ní ó lárùn.”

Bàbá Kékeré wò ó títí. “Ìyáàfin, ṣé ẹ fẹ́ bá wa tà á ni, àbí ẹ fẹ́ bá wa rà á?” Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi káàdì rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí Màámi máa rọra lórí àtẹ̀gùn, ó lọ.

Ẹnì kejì ni mo sọ ní Lọ́fínńdà, nítorí òórùn rẹ̀ ti jókòó sí pálọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Bàbá Kékeré ló mú un wá. Wọ́n jọ máa ń ta dráfù ní ọjọ́ Sátidé. Lọ́fínńdà kò gun òkè àjà. Kò gun àtẹ̀gùn pàápàá. Ó dúró sí àárín pálọ̀, ó la apá méjèèjì, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Háà! Ilé rèé!” bí ẹni tí kò rí ilé rí. Mo bi í nípa òrùlé tó ń jò. “Àbúrò,” ó ní, “ẹni tó bá fẹ́ràn ilé kì í wòkè.” Ó wá dárúkọ iye tirẹ̀. Ó fi ìdajì lé ti obìnrin náà. Bàbá Kékeré yíjú sí mi bí ẹni pé àwọn ló bí ọkùnrin náà. “Ṣé o gbọ́? Ẹni tó mọyì iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ nìyẹn!”

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a wọlé ní politẹ́kíníìkì ni wọ́n ti kọ́ wa pé alágbàtà kọ́ ló ń ra ilé. Iye tó bá wù ú ló lè dá. Òun kọ́ ló máa san án. Ṣùgbọ́n a gbé ilé fún ẹni tó yìn ín jù, bí ẹni pé ìlà oríkì la fẹ́ fi ra ilé Tíṣà.

Ìyá Kékeré, ẹ mọ bí àbúrò Màámi yẹn ṣe rí, kò lè jẹ́ kí ẹbí bàbá nìkan dá ilé tà. Ní ọjọ́ kejì àwọn náà mú ọmọ àna wọn wá, ọmọkùnrin kan tó ti ta mọ́tò rí, tó sì gbà pé ilé kò yàtọ̀ sí mọ́tò àfi pé kì í rìn. Mo ní alágbàtà méjì á máa ba ọjà ara wọn jẹ́ ni. Ìyá Kékeré gbá mi léjìká. “Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Alákọ̀wé.” Kò sí ẹni tó lè sọ fún Bàbá Kékeré pé rárá. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún Ìyá Kékeré náà. Nínú ẹbí wa, bí àgbà méjì bá sọ ohun méjì tó tako ara wọn, “ẹ ṣeun” la máa ń sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí pátákó méjì ṣe dúró lẹ́nu géètì nìyẹn, pupa ti Lọ́fínńdà, àwọ̀ ewé ti ọmọ àna. Fọ́tò tí Lọ́fínńdà gbé jáde kì í ṣe irọ́, ó kàn fẹ̀ ni. Ó yà á débi pé pálọ̀ wa dà bíi pápá bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin kan wọlé, ó yí ká, ó bi mí pé níbo ni ìyókù pálọ̀ wà. Ọmọ àna ní tirẹ̀ kọ ọ́ pé ilé náà “ṣì mọ́, ẹnì kan péré ló lò ó rí.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Lọ́fínńdà sọ iye kalẹ̀. Ọmọ àna gbọ́, ó sọ tirẹ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́fínńdà tún sọ̀ ọ́. Ilé kan ṣoṣo ń bá ara rẹ̀ figagbága.

Ó wá kan yín.

Ẹ mọ ibi tí ìwé ẹ̀rí mi gbé mi dé: ilé ìtẹ̀wé, níbi tí mo ti ń tẹ pátákó fún àwọn tó ń ta ilé. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá mi ju iṣẹ́ kan sí mi. Pátákó ńlá, aláwọ̀ búlúù: ILÉ TÍTÀ, yàrá mẹ́rin, nọ́ńbà kẹtàdínlógún, ojú pópó ilé ìfọṣọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ọ̀gá, ilé wa rèé.”

“O kú oríire,” ni ọ̀gá mi wí. “Tẹ̀ ẹ́ kó tó di ọ̀sán.”

Alágbàtà yín kánjú, ó ti so ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i mọ́ ẹ̀yìn iṣẹ́ náà. Orúkọ yín wà níbẹ̀ gbọọrọ. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ onílé ni yín, pé ilé náà kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ iye tí ẹ dá, pé kó má ṣe bá ẹbí sọ ọ́. Iye náà ga ju ti Lọ́fínńdà nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì gbóná. Èmi ni mo tẹ pátákó yín, ẹ̀gbọ́n mi. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kò sí àṣìṣe kankan lára rẹ̀, àfi pé ó wà láyé.

Ẹ gbọ́ iṣẹ́ tó ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì kan àti ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ mẹkáníìkì, wá wo ilé. Màámi fúnra wọn ló fi ògiri tó ń mumi hàn wọ́n. Mẹkáníìkì náà kàn án kó-kó-kó, ó ní èyí kò tíì burú tó mọ́tò òun. Nọ́ọ̀sì dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó ń fọwọ́ wọn ibi tó máa gbé àga rẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá ti ń wá ibi tí àga máa wà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rà á tán. Nígbà tí wọ́n dé géètì, obìnrin náà dúró, ó wo pátákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi fóònù rẹ̀ wo iye wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Màámi, ẹ má bínú o. Ilé kan, pátákó mẹ́ta, iye mẹ́ta. Ta ni a máa bá sọ̀rọ̀, tí ẹlòmíràn kò ní yọjú lọ́la pé òun ló ni ín?”

Ọkọ rẹ̀ ti ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò. “Ilé la wá rà, a ò wá ra ìjà.”

Màámi dúró níbẹ̀ títí mọ́tò náà fi yà ní kọ́nà. Lẹ́yìn náà wọ́n padà wọlé láti gun àtẹ̀gùn.

Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí mo ní fún yín, kí ni mo ṣe fún yín? Mo mọ̀ pé ẹ kò fọkàn tán Bàbá Kékeré. Èmi náà kò fọkàn tán wọn, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ lójú wọn, mo sì gba ìfọ́tí lé e lórí. Ẹ máa ń pè mí láti béèrè bóyá aṣọ yín tí ẹ fi sílẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Ẹ kò pè mí láti sọ pé ẹ ti gbé ilé fún àjèjì. Ẹ jókòó sọ́nà jíjìn, ẹ ń díye lé àtẹ̀gùn tí ẹ kì í gùn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbájọ ẹnu kò tíì ta ilé kankan.

Ní ọjọ́ Ẹtì mo wọ aṣọ tí mo fi gba ìwé ẹ̀rí, mo lọ bá obìnrin onítọ́ọ̀ṣì ní ọ́fíìsì rẹ̀, yàrá kan tó kún fún kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n so orúkọ mọ́. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀sín lọ. Ó ní, “Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ta ilé fún odindi ẹbí. Ta ni kí n máa pè?” Mo ní orúkọ mẹ́ta ló wà lára ìwé ilé: Màámi, ẹ̀yin, èmi. Ó ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, kí a yan ẹnì kan tí yóò máa dá òun lóhùn, kí a dúró lórí iye kan, kí gbogbo pátákó sì wálẹ̀. Ó ní òun mọ nọ́ọ̀sì náà, òun lè mú un padà wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe síwájú pátákó mẹ́ta.

Mo mú sípánà, mo yọ ti àwọ̀ ewé ní ọ̀sán gangan. Mo ń tú bóòtù tó kẹ́yìn lára èyí tó pupa nígbà tí Bàbá Kékeré dé.

“Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ìyẹn?”

“Àwọn tó wà lára ìwé ilé ni, sà.”

“Ìwé ilé! Ìwọ tí èmi ra ṣòkòtò àkọ́kọ́ fún! O fẹ́ ta ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ́pọ̀?”

“Kò tíì sí ẹni tó rà á lọ́wọ̀n-ọ́n, sà.”

Wọ́n ti nawọ́ sókè. Màámi ń gbọ́ wa láti òkè. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn tó ga jù, wọ́n sì ń fi ìdí wọ́ bọ̀, ọwọ́ kan lára irin, ọwọ́ kan nílẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá, níṣojú àbúrò ọkọ tí wọn kò jẹ́ kó rí i rí. Bàbá Kékeré sáré wọlé láti gbé wọn. Màámi ní, “Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ kàn máa wò mí.” Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún aṣọ wọn ṣe, wọ́n mí. “Iye tí ẹ dá lé e yẹn,” ni wọ́n wí, “èmi ni mò ń san án lójoojúmọ́.”

Bàbá Kékeré gba sípánà lọ́wọ́ mi, wọ́n tú bóòtù tó kù, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé pátákó Lọ́fínńdà padà lọ fún un. Nígbà tí Ìyá Kékeré gbọ́, wọ́n ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ti ń sọ pé alágbàtà kan ló dára.

Ìyókù di ọwọ́ yín. Ìwé náà wà nínú àpòòwé yìí. Màámi ti fọwọ́ sí i, èmi náà ti fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tó bá dé ọwọ́ yín ni kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ dá a padà, kí ẹ sì pe alágbàtà yín kó wá gbé ohun rẹ̀ lọ. Èmi kò ní fọwọ́ kàn án. Tíṣà kì í gba àwáwí ẹni tó pẹ́ dé. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ọdún márùndínlógójì ṣe nìyẹn.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ wọn. Ẹ bá mi gbá àwọn ìbejì mọ́ra, kí ẹ ṣọ́ eyín wọn. Bá a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Ó ku ohun kan. Màámi kò mọ ẹni tó ni pátákó búlúù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọjú lójú fèrèsé ni wọ́n ń bi mí, mo sì ń sọ pé mi ò mọ̀. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń wá bírò láti kọ lẹ́tà yìí, wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Nínú gbogbo yín, òun nìkan ni kò da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ mi lójú.”

                                        Èmi ni àbúrò yín tí kò tíì sọ fún wọn,
                                        Alákọ̀wé.